Ìyáálé Mi Ló Mú Mi Lọ Fọwọ́ Kan Ohun Tí Mo Ń Sá Fún

Títí di òní, bí ara ọmọ mi Sàlámátù kò bá yá, ọ̀dọ̀ ìyáálé mi ló ń sá lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́jú ọmọ mi nígbà tí n kò lè fọwọ́ kàn án, ṣé mo lè bínú sí i? Ọpẹ́ ni mo ń dá, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àdúgbò Boukoki ni ilé wa nílùú Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, ọmọ Ìlọrin sì ni wá. Tòmátì àti àlùbọ́sà ni mò ń tà ní ọjà Petit Marché. Lẹ́yìn tí mo bí Sàlámátù, lásìkò tí àwọn olóṣèlú ń polongo ìbò kiri àdúgbò, ni ẹ̀rù ìdọ̀tí wọ̀ mí lára. Tí mo bá ṣe àlùwàlá tán, ọkàn mi á ní kò mọ́, màá tún un ṣe, màá tún tún un ṣe, títí àwọn tó ń kírun á fi parí. Ọwọ́ mi bó, ọṣẹ ń ta mí lójú egbò. Mi ò lè gba owó lọ́wọ́ oníbàárà mọ́, ni mo bá pa ọjà tì. Ọkọ mi pe álífáà wa. Baba náà ní wáswáàsì ni, iyèméjì tó ń yọ ọkàn lẹ́nu, kí n ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan bó ti yẹ, kí n má wo ẹ̀yìn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ara mi gbọ́?

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ ṣubú sínú ẹrẹ̀ ní àgbàlá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń ké. Mo fi ẹ̀yìn rìn! Èmi tí mo bí i! Ìyáálé mi ló sáré gbé e. Mo rò pé yóò bú mi, ó kàn wò mí, ó ní, "Ìyàwó, èyí kì í ṣe ìmọ́tótó mọ́. Àìsàn ni. Wọ aṣọ, ká lọ sí ọsibítù."

Mo ní, "Ìyá wa, ojú ń tì mí."

"Kó máa tì ọ́, ká sáà máa lọ."

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá, Hausa la jọ ń sọ. Mo ròyìn títí, ó ní, "Mo ti gbọ́ ti ẹnu. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ wò báyìí." Ó ní kí n fọwọ́ kan aṣọ ìnujú tó mọ́, lẹ́yìn náà irin ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ bàtà, lẹ́yìn náà ọmọrí garawa ìdọ̀tí, kí n máa sọ bí ẹ̀rù ṣe ń pọ̀ tó, kí n má sì ṣan ọwọ́. Irin ìlẹ̀kùn ni mo dé tí mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. A ti mọ ibi tí ẹ̀rù rẹ dé, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Nílé, èmi àti ìyáálé mi á jọ fọwọ́ kan ohun tí mo ń sá fún, a ó jọ jókòó láìṣan ọwọ́, yóò sì máa pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, tí dókítà tún gbé ìdánwò kan náà síwájú mi, mo fọwọ́ kan ọmọrí garawa yẹn. Ẹ̀rù bò mí. Mo jókòó. Ẹ̀rù náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí omi, láìsí ọṣẹ! Alhamdulilahi. Mo ti padà sọ́jà. Wáswáàsì a ṣì máa yọjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni mí mọ́.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Wọ́n ní àbúrò mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ó ń ṣan ọwọ́ ṣáá, kì í fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan ẹnikẹ́ni, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sì ń pè é ní agbéraga. Mo ti ń di ẹrù láti lọ bá a. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ, tí ojú kò fi ní tì í?