Ihò Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ẹ jókòó. Ìyá àwọn ọmọ, jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Dókítà Eyín, ẹ gba àga tó sún mọ́ ibùsùn, torí ikọ́ yìí kì í jẹ́ kí ohùn mi lọ jìnnà mọ́. Ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn oníṣègùn sọ: iyanrìn tí mò ń fi ẹ̀rọ fẹ́ sára irin láti fọ̀ ọ́ kí n tó kùn ún lọ́dà, láti ìgbà èwe mi, ti kún ẹ̀dọ̀fóró mi, kò sì sí ohun tó lè kó o jáde. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí n kú, kẹ́ ẹ wá máa sọ pé èèyàn dáadáa ló lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kan wà nínú ẹbí yìí tó ti ń bá wa jẹun látọjọ́ pípẹ́, èmi ni mo bí i, èmi náà ni màá sin ín lónìí. Mo bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má dá mi dúró títí màá fi sọ ọ́ tán.

Dókítà, ẹ̀yin lẹ lọ ra mọ́tò asáré oníjòókòó méjì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń ra jíìpù. Ẹ ní ó ti ń wù yín láti kékeré, àti pé ẹ fẹ́ máa fi gbé màmá yín ṣe fàájì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ò fẹ́ràn ohùn sàlẹ́ńsà tó bá a wá, ẹ ní ó ń dún bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jókòó yìí lọ́wẹ̀, wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò mọ̀, pé kí wọ́n bá yín ṣe tuntun. Wọ́n ṣe é. Mo wo ojú wẹ́ẹ̀dì yẹn, ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀, látòkè délẹ̀, mi ò rí àbùkù kankan, inú mi sì bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú mi bàjẹ́ torí pé iṣẹ́ àna mi dára. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ihò rárá, ìkà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ wá wò ó, àwa mẹ́ta la dúró ti tábìlì iṣẹ́. Ẹ bi wá bóyá kí a kun sàlẹ́ńsà náà ní sẹ̀rámíìkì, ọ̀dà oníyẹ̀fun amọ̀ tí à ń yan nínú ààrò títí á fi le bí àwo, tí kì í jẹ́ kí ooru jáde lára irin. Ẹ̀gbọ́n fèsì kí n tó lanu. Wọ́n ní, “Páìpù iwájú ló ń gbóná jù, ẹ kun ìyẹn, mo fọwọ́ sí i. Ẹ fi sàlẹ́ńsà sílẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni mo fi ṣe é, owú onígíláàsì ló sì wà nínú ẹ̀ tó ń gbé ariwo mì. Tẹ́ ẹ bá sé ooru mọ́ ọn, owú yẹn á tètè jóná. Iyanrìn tí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kùn ún ńkọ́? Irin tín-ín-rín ni, á jẹ ẹ́.” Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí. Eyín tó bá dáa, a kì í fọwọ́ kàn án.”

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó parí. Mo ní ooru máa yọ́ bọ́ńpà yín. Mo ní ẹrẹ̀ òpópónà máa ba irin náà lójú jẹ́. Mo wá fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e, mo ní, “Dókítà, aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn. Ṣé ìhòòhò lẹ fẹ́ kó máa rìn kiri ni?” Ẹ tún rẹ́rìn-ín, ẹ sì gbà. Àna mi wò mí, wọn ò bínú. Wọ́n ní, “Kò burú. Tẹ́ ẹ bá ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́ tán, ẹ rì í sómi kẹ́ ẹ tó kùn ún. Tẹ́ ẹ bá rí ohunkóhun, ẹ gbé e padà wá, ẹ má tijú.” Ẹ má tijú. Àfi bíi pé wọ́n ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ìbínú ni mo fi gbé ẹnu ẹ̀rọ iyanrìn lé sàlẹ́ńsà yẹn. Ta ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́? Ohun tí mò ń sọ nínú ara mi nìyẹn, ọwọ́ mi sì pẹ́ lójú kan ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo dí ẹnu rẹ̀ kan, tí mo rì í sómi, tí mo sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnu kejì bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe máa ń ṣe, ìfófòó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kì í ṣe lójú wẹ́ẹ̀dì o. Ìbú ìka kan sí wẹ́ẹ̀dì ni, níbi tí iyanrìn mi ti jẹ irin dé òdì kejì. Ohun tó yẹ kí n sọ ò gùn: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ba irin yín jẹ́, ẹ bá mi dí i.” Wọn ì bá dí i kí omi tó gbẹ lára ẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo fọ́n? Mo bu pọ́tì tí àwa oníṣẹ́ ọ̀dà fi ń dí ojú irin, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, mo kùn ún, mo yan án. Ó jáde nínú ààrò, ó dúdú, ó ń dán, àna mi fúnra wọn yìn mí. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ rì í sómi?” Mo ní, “Mo rì í. Kò sí nǹkan kan.”

Dókítà, ẹ padà wá. Ẹ ní òórùn kan wà nínú mọ́tò, àti pé orí ń fọ́ yín. Òótọ́ ni pé ọ̀dà yẹn máa ń rùn ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo oníṣẹ́ wa ló mọ̀ ọ́n, òótọ́ yẹn ni irọ́ mi rí jókòó lé. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ ẹ̀. Pọ́tì ti já bọ́. Èéfín ti ya ìlà dúdú láti ibi ihò lọ síbi rọ́bà kan tó ti gbó, tí wọ́n fi dí ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ ìjókòó tí màmá yín máa ń jókòó sí. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń gbọ́ ìró bàtà yín, ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀. Mo ṣì lè sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì farapa. Mo fa àkísà yọ lápò, mo nu ìlà dúdú yẹn nù. Nígbà tí mo jáde, ẹ bi mí, ẹ sì tún un bi, “Ṣé mo lè gbé màmá mi jáde lọ́la?” Mo ní, “Ẹ gbé wọn. Òórùn ọ̀dà ni, á lọ.” Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ìyá àwọn ọmọ, má tíì sunkún. Ó kù.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti gíláàsì pa, ọ̀nà dí, èéfín ihò yẹn sì ń wọlé. Màmá sùn lọ lórí ìjókòó, ẹ sì rò pé oorun ni. Ilé ìwòsàn gba ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n iyè wọn ò padà. Mo wá kí wọn, mo gbé ọsàn dání bí èèyàn gidi, mo sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Màmá ń pè yín ní Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ń bọ̀ lónìí?” Ẹ dá wọn lóhùn pé, “Ó ń bọ̀, mà.” Títí wọ́n fi kú, lójú tiwọn, ọmọ wọn ò dé.

Mẹkáníìkì tó yẹ mọ́tò wò rí àmì dúdú lẹ́bàá wẹ́ẹ̀dì, ó ní wẹ́ẹ̀dì ló là. Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo ní, “Ọ̀dà lèmi mọ̀. Mi ò lè ríran kọjá ọ̀dà.” Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí mo lò. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò jáde lẹ́nu mi, mo sì ti dá àna mi lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n ò jiyàn. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn lọ títí, wọ́n ní, “Bóyá ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n ni, tí mi ò mọ̀.” Wọ́n ta ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì, wọ́n lọ ń ṣọ́ géètì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Dókítà, ẹ pàdé wọn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ẹ tutọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi ni mo tún ń pẹ̀tù sí wọn nínú.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé. Dókítà, ẹ ní kí n ju sàlẹ́ńsà yẹn sáàtàn, mi ò jù ú. Abẹ́ ibùsùn yìí ló wà. Ọmọ mi, fà á jáde, kó o gbé bàsíà omi tí mo ní kó o pọn wá. Ìwọ lo gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, fetí sílẹ̀: tí irin bá bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, sọ ọ́ kí ọ̀dà tó dé orí ẹ̀. Tó bá ti dán tán, ẹnu rẹ ò ní gbà á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rì í sómi. Ẹ dí ẹnu kan, kẹ́ ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnu kejì, èmi ò ní èémí tí mo lè fi fẹ́ ẹ. Dókítà, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ wo ojú wẹ́ẹ̀dì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Ẹ wá wo ìbú ìka kan sí i. Ẹ rí i? Ẹ rí pọ́tì tó ṣẹ́ kù létí ihò? Wẹ́dà kì í lo pọ́tì. Èmi ni mo ní i. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ tutọ́, èmi rèé nílẹ̀. Ẹ foríjì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àna mi, kẹ́ ẹ pe orúkọ wọn dáadáa ní àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó, ẹ má fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ gbé e kúrò nínú omi. Ẹ wo ọwọ́ yín níbi tẹ́ ẹ ti dì í mú yẹn. Kò gbọ̀n rí.