Ìjókòó Iwájú Tí Mo Fi Pọ́ìntì Ẹ̀gbọ́n Mi Gbà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ yìí dé òpin. Ẹ má gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, lójú àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú. Ẹ má sì dá a dúró lágbedeméjì kí ẹ wá pè mí, torí bí mo bá gbọ́ ohùn yín, irọ́ ni màá tún pa. Mo mọ ara mi. Dókítà ti ní bí wọn ò bá tètè la àyà mi, ọkàn mi lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tó bá wù ú, àti pé ọsibítù tó wà lọ́dọ̀ yín lókè òkun lọ́hùn-ún ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú tí ẹ bá mi wá, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Mo ti gbé e mì títí, kò lọ sísàlẹ̀. Àbúrò wa kápẹ́ńtà ló ń bá mi di fóònù mú. Kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó rò pé mo fẹ́ dúpẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ ó rántí apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń wọkọ̀ òfúrufú jù nínú wa, láàárín ibi iṣẹ́ yín àti ilé, ìjókòó ẹ̀yìn ni nígbà gbogbo, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yín tí kì í fẹ́ ká. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà ń fún yín ní pọ́ìntì díẹ̀, bó bá sì pọ̀ tó, wọ́n á gbà á dípò owó tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gba ẹbí láàyè láti kó tiwọn pọ̀ sójú kan, àwa sì sọ ojú kan náà ní apẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa fi tirẹ̀ sí i lẹ́yìn tó lọ bá wọn kan ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì lókè òkun. Màmá fi tirẹ̀ sí i lẹ́yìn tó wá bá yín tọ́jú àwọn ìbejì. Ẹ wá fi nọ́ńbà àṣírí apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni mò ń jókòó sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Mi ò fẹ́ fi gbafẹ́. Ọjọ́ tí ara Màmá ò bá yá, mo fẹ́ lè wọkọ̀ láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń ná pọ́ìntì jù mí lọ ní ọ́fíìsì wa. Mi ò fi ìyẹn fọ́nnu o, ẹ̀sùn ni mo fi ń kan ara mi. Ọ̀gá Pọ́ìntì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn èèyàn á fi ìsinmi ọ̀sán wọn sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó níwájú tábìlì mi, màá sì máa wàásù. Mo ní kí wọ́n má fi pọ́ìntì rin ìrìn kúkúrú tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò tó nǹkan. Kí wọ́n fi owó san ìyẹn, kí wọ́n tọ́jú pọ́ìntì de ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi, tí tíkẹ́ẹ̀tì á gbówó lórí bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n má fi gba kẹ́tùlù tàbí báàgì tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń pàtẹ, ẹ̀tàn ọmọdé ni. Mo ní ìjókòó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún oní-pọ́ìntì kì í pọ̀ nínú ọkọ̀ kan, ẹni tó bá tètè wá a ló ń rí i, bí èyí tó lọ tààrà ò bá sì sí, kí wọ́n wá èyí tó gba ìlú míì kọjá. Jù gbogbo ẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n má fi gba ìjókòó iwájú, ti àwọn olówó. "Ará iwájú àti ará ẹ̀yìn, ìgbà kan náà ni wọ́n ń balẹ̀," bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Báàgì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi oníwàásù. Báàgì onítáyà kan báyìí, aláwọ̀ ewé, tí mo rí nínú ohun tí wọ́n pàtẹ. Mo ní díẹ̀ ni, ẹ ò ní mọ̀, màá fi tèmi dí i. Ẹ ò mọ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì bà mí jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwa tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ ṣèpàdé lókè òkun, ọ̀gá wa obìnrin sì ra ìjókòó ẹ̀yìn fún mi. Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì tí a jọ ń du oníbàárà, Ẹlẹ́nu-bí-abẹ là ń pè é. A jọ tò síwájú ọkọ̀, òun lọ́nà ti àwọn ará iwájú, èmi lọ́nà tiwa. Ó yíjú padà, ó ní, "Ọ̀gá Pọ́ìntì! Pẹ̀lú gbogbo pọ́ìntì yẹn, ẹ̀yìn náà lẹ ṣì wà? Àbí ẹnu lásán lẹ fi ní in?" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín yẹn ni mo tà yín fún. Mo yọ fóònù, mo ṣí apẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pé mo fẹ́ kúrò lẹ́yìn bọ́ síwájú. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ tán. Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n fún mi ní táwẹ̀lì kékeré kan tó gbóná kí n fi nujú. Wọ́n gbé ọtí fún mi nínú ife gíláàsì gidi. Mo na ẹsẹ̀ gbalaja, mo sùn. Nígbà tí mo máa jí, ọkọ̀ ti balẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn náà sì ti balẹ̀. Ohun tí ẹ fi orúnkún yín kó jọ láti ọdún dé ọdún, mo sùn lé e lórí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò tiẹ̀ lálàá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé mọ́. Àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ni, tíkẹ́ẹ̀tì ti kọjá ohun tí owó iṣẹ́ yín lè rà. Ẹ pè mí. Ẹ ò tiẹ̀ sunkún. Ẹ ní, "Àbúrò mi, ọjọ́ apẹ̀rẹ̀ dé." Ẹ tún ní, "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Bá mi wá ìjókòó ẹ̀yìn kan, ibi yòówù kó jẹ́, kódà kó jẹ́ ẹ̀bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn náà." Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ̀ bá bú mi, ẹ̀ bá yáwó, ẹ̀ bá sì bá Màmá láàyè. Èmi fúnra mi ì bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wa kó yá mi. Ìtìjú ò jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò fi ìjókòó oní-pọ́ìntì kankan sílẹ̀." Ẹ gbà mí gbọ́, torí èmi náà ni mo kọ́ yín pé kì í pọ̀. Ẹ̀kọ́ mi ni mo fi bo olè mi mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí n máa wò ó láràárọ̀, kódà bó bá máa gba ìlú méje kọjá, torí ìjókòó tí mo ní mò ń wá yìí ni ẹ ò sì ṣe tètè yáwó. Láràárọ̀ lẹ̀ ń pè, láràárọ̀ ni mò ń gbé fóònù sẹ́bàá kọ̀ǹpútà, tí mò ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́ kí ẹ lè gbọ́, kò sì sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀ ń sọ pé, "O kú wàhálà mi o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí irú ẹ̀." Mo ń ṣe àmín.

Mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Àbúrò wa, mo rí ojú ẹ bó ṣe ń yí padà, jọ̀ọ́ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọsibítù, Màmá ní kí n pè yín. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń yéni. Ó ní, "Pe ẹ̀gbọ́n ẹ fún mi, kí n sọ fún un kó yáwó wá. Mo máa ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn san án." Àbúrò wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Mo rò ó wò: bí ìyá àti ọmọ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dárúkọ apẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dárúkọ ẹ̀, àbúrò wa á ní kí n ṣí i kí òun rí i. Ni mo bá tẹnu bọ ìyá tó bí mi létí, mo ní, "Màmá, mo ti pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀." Màmá wò mí títí. Ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́." Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá pè, tí a gbé fóònù sí i létí, kì í dáhùn. Ẹ rò pé àìsàn ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, èmi ni. Ó sì kú bẹ́ẹ̀, ó gbà pé iṣẹ́ ṣe pàtàkì lójú àkọ́bí òun ju òun lọ.

Àbúrò wa ti gbé fóònù lé tábìlì. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá? Ẹ̀yin?" Mo ní èmi ni. Ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́ tó dún gbàà yẹn, òun ló jáde. Kò burú, ẹ jẹ́ kí n máa bá tábìlì sọ ọ́ lọ. Nígbà tí ẹ padà yáwó, tí ẹ ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn kí ẹ tó délé, ẹsẹ̀ yín ti wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, a sì ti sin Màmá. Kí ẹ tó mu omi lẹ bi mí pé, "Kí ni Màmá sọ nípa mi?" Mo ní, "Wọ́n súre fún yín. Orúkọ yín ni wọ́n pè kẹ́yìn." Ẹ dì mọ́ mi, ẹ sunkún títí èjìká ẹ̀wù mi fi tutù. Látìgbà náà, bí nǹkan bá le fún yín, ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé ìwúre Màmá ń bẹ lẹ́yìn yín. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n dín iṣẹ́ yín kù. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ń ṣàìsàn. Kò sí ìwúre kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣe é lẹ́nu ara mi. Ohun òótọ́ kan ṣoṣo tí mo ní láti fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: lẹ́yìn tí Màmá ti yíjú sí ògiri, bí mọ́tò bá dúró nísàlẹ̀ fèrèsé, ó máa ń gbórí sókè. Ó ń ṣe é títí di ọjọ́ tí orí ò ṣeé gbé mọ́. Kò sọ ẹni tí òun ń retí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ pè mí tayọ̀tayọ̀. Ẹ ní ẹ tún ti fi orúnkún yẹn náà kó pọ́ìntì tuntun jọ, torí mo ti parọ́ fún yín pé ọjọ́ ti kọjá lórí ti apẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Ọ̀gá Pọ́ìntì, mo ṣe é bí o ṣe kọ́ mi! Mo tètè wá a. Tààrà ò sí, mo bá gba ìlú míì. Ẹ̀yìn ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀bá fèrèsé ni, kò sì gba pọ́ìntì púpọ̀ lọ́wọ́ mi rárá." Ẹ̀ ń retí kí n yìn yín. Mo yìn yín. Ẹ̀yin ìbejì, bí ìyá yín bá jẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá jí nǹkan ara yín, ẹ yára jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ nǹkan. Nǹkan tí èmi jí ti di èèyàn, ó ti di Màmá, kí n tó lanu.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ohun kan tí mi ò kọ́ yín rí nípa pọ́ìntì. Bí ẹ bá fagi lé ìjókòó kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, wọ́n á dá pọ́ìntì yẹn padà fún yín, owó díẹ̀ ni wọ́n á yọ. Àyè ṣì wà. Ẹ ṣí i lórí fóònù yín, ẹ tẹ orúkọ mi, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ 'fagi lé e' sí nísàlẹ̀ pátápátá. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dókítà fipá mú yín. Èmi náà mọ ẹni tó yẹ kó wọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Bó bá dọjọ́ náà, màá wọṣọ, màá gbé báàgì aláwọ̀ ewé yẹn, màá lọ tò síbi tí àwọn ará ẹ̀yìn ń tò sí. Bí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá wá orúkọ mi títí tí kò rí i, mi ò ní bi í pé kí ló dé.