Omi Tí Kò Dúró De Ìránṣẹ́: Ìdágbére fún Bàbá Yeddar ti Walata

Ẹ̀yin ará Walata, ẹ̀yin àlejò tí ẹ bá iyọ̀ dé láti Tagasa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin obìnrin ilé wa, ẹ kú ẹkún. Èmi Aksil ni mo dìde yìí. Ọmọ Tafsut ni mí, Tafsut sì ni àbúrò ẹni tí a dì sínú aṣọ funfun yìí. Ọmọ arábìnrin ẹni ní í jogún ẹni lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà èmi ni ọ̀rọ̀ kàn kí á tó gbé e jáde. Mi ò kàwé lọ títí. Kéwú abúlé lásán ni mo ké, àfáà mi sì máa ń sọ pé orí mi le ju wàláà lọ. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni mo ní, mi ò ní fi oyin sí i.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn ògiri pé, "Ẹ wo ọmọ yìí, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lójú òkú." Òótọ́ ni. Ọkàn mi balẹ̀ ni. Bàbá tó bí ìyá mi wọ inú iyanrìn lọ, a ò rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi méjì wọ inú iyanrìn lọ, a ò rí sálúbàtà wọn. Ìyá mi ti sunkún òkú mẹ́ta tí kò ní sàréè. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà lórí Yeddar: "Ọlọ́run, jẹ́ kó kú síbi tí ọwọ́ mi ti lè dé ojú rẹ̀."

Lánàá, lórí ẹní rẹ̀, lẹ́yìn tó mu wàrà ràkúnmí tán, tó sì bú ẹni tó fún un pé ó bu omi là á, ó kú. Ìyá mi ló fi ọwọ́ pa á lójú dé. Ẹ̀yin èèyàn wa, wọ́n ní ikú odò ní ń pa òmùwẹ̀. Iyanrìn kò pa Yeddar! Ẹ bá mi dúpẹ́.

Iṣẹ́ aṣáájú ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń rìn ín. Bí ọ̀wọ́ ràkúnmí bá ti kúrò ní kànga tó kẹ́yìn, omi tí wọ́n rù kì í gbé wọn délé. Wọ́n á rán ẹnì kan ṣoṣo ṣíwájú, kó wá sọ ní Walata pé, "Wọ́n ń bọ̀." Ìgbà náà ni ìlú á di omi lé ràkúnmí, tí wọ́n á jáde lọ pàdé wọn. Bí aṣáájú bá kú sọ́nà, gbogbo wọn kú nìyẹn. Ẹni tó ń wọ sílíkì ní Káírò kò mọ Yeddar. Ẹni tó ń to wúrà Mali sí ọrùn ìyàwó rẹ̀ lókè òkun kò mọ̀ ọ́n. Ará gúúsù tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àmọ́ bí kò bá sí ọkùnrin kan tó dá wọ inú oòrùn lọ níwájú àwọn yòókù, kí ni ì bá dé ọ̀dọ̀ ta ni?

Olóríkunkun ni o. N kò ní purọ́ mọ́ òkú. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn kan gbé omi jáde láìrí aṣáájú. Ọ̀wọ́ tí wọ́n ń retí kò tíì kúrò ní Tagasa rárá. Omi ṣòfò, ràkúnmí kú, ènìyàn kú. Yeddar dìde nínú ìpàdé, ó ní, "Omi kì í lọ pàdé ẹni tí kò ránṣẹ́." Ó di òfin. Ó di òwe lẹ́nu wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí i padà, Yeddar á kó ìjà lé e lórí títí tonítọ̀hún á fi gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe lọ́dún yìí. Èmi ni aṣáájú ọ̀wọ́ oníyọ̀. Ẹsẹ̀ ràkúnmí mi há sáàárín òkúta, ó kán. Mo fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, mo wọ́ ara mi sábẹ́ àpáta kan. Nílé níbí, Yeddar ti wo ojú ọ̀run, ó ti wo ojú ọ̀nà, ó bá lọ bá Bàbá Mendil, olórí àwọn oníràkúnmí. Ojú ìyá mi ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Mendil, di omi."

"Ṣé aṣáájú ti dé ni?"

"Kò dé. Ìdí tí mo fi ní kí o di omi nìyẹn."

Mendil rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣòfin ni, àbí ogbó ti jẹ òfin náà mọ́ ọ lórí?"

"Èmi ni mo so ó. Mo ń tú u."

"O ò lè dá a tú."

"Gbọ́ mi, ìwọ abikùn-bí-àpò-omi yìí. Mo mọ Aksil. Bí ọmọ yẹn bá lè rìn, á ti dé. Bí kò bá lè rìn, á ti rákò dé. Agídí yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ẹ ò bá rí i, a jẹ́ pé kò lè rákò mọ́."

"Lọ sùn, arúgbó."

Kò sùn. Ó di omi lé ràkúnmí tirẹ̀ méjèèjì, títí kan funfun tó máa ń gé ènìyàn jẹ yẹn. Ìyá mi di okùn mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ di ẹ̀kẹrin ni?" Ó ní, "Tafsut, fi okùn sílẹ̀. Ọmọ rẹ ni mo ń lọ mú, kí òun má baà di ẹ̀kẹrin."

Ó bá mi lábẹ́ àpáta. Ahọ́n mi ti wú, n kò lè gbé omi mì. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin wa kì í ṣí ìbòjú níwájú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Yeddar tú ìbòjú rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó ń fún un sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Kò sí eyín kankan níbẹ̀! Nígbà tí ahọ́n mi gbọ́ràn, mo ní, "Bàbá, eyín yín dà?"

Ó ní, "Mo ti fi gé irú ẹ̀yin òmùgọ̀ jẹ tán. Panu dé, kí o mu omi."

Ó gbé mi gun funfun, a lọ pàdé ọ̀wọ́. Ẹ̀yin ará Tagasa, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ wò wọ́n! Omi ràkúnmí méjì kò tó wọn láti fi wẹsẹ̀, àmọ́ ó gbé ẹ̀mí wọn ró títí omi Mendil fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni, omi Mendil. Òun náà kò rí oorun sùn nígbà tí Yeddar lọ tán. Ó bú u títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì tẹ̀ lé e.

Ìrìn yẹn ló gba agbára tó kù lára bàbá arúgbó. Ó dé ilé, ó nà gbalaja, kò dìde mọ́.

Ó ku ohun kan tí ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀wọ́ mìíràn, èyí tó ń bọ̀ láti Sijilmasa, ṣì wà lóde, aṣáájú wọn kò tíì dé. Ẹni tó so òfin ti tú u, àmọ́ òun nìkan ló tú u. Bàbá Mendil, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí, ẹnu mi ló gbóná. Ẹ sọ ọ́ lójú òkú yìí kí gbogbo wa gbọ́. Ṣé a óò tún jókòó máa wo ojú ọ̀nà ni?

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá Mendil sọ? Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ ò gbọ́. Ó ní kí n jókòó, pé ariwo mi pọ̀ ju ti agbo ewúrẹ́ lọ. Ó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ òní ni omi ti jáde lọ bá ọ̀wọ́ Sijilmasa, pé funfun Yeddar ló wà níwájú, ó sì ti gé darandaran jẹ.

Ó tán. Ẹ gbé e.

Bàbá Yeddar, ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin lẹ jáde wá pàdé wa kí á tó ránṣẹ́. Kí wọ́n jáde wá pàdé yín lọ́hùn-ún pẹ̀lú omi tútù kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má wẹ̀yìn, ẹ má sì bá wọn jà ní ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ Walata ló gbà yín. Bó bá di ọjọ́ ẹkún, ìyá mi mọ ibi tó máa jókòó sí.