Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Dókítà, Tó Lọ Ń Ka Èdè Elédè

Joleen, gbé kọfí yẹn sílẹ̀, mi ò wá mu kọfí. Jókòó síbí kí n máa rí ojú ẹ, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá yìí, ojú ẹ ni màá fi mọ ibi tó ti wá. Má sì sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Dókítà Pavlik ti sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin ọ́fíìsì yunifásítì yẹn sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí mo fi inú ara mi bí náà sọ bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé wọ́n jọ ṣèpàdé lé mi lórí. Èmi Rozanne, ṣé mo jọ ẹni tí ara ẹ̀ ò balẹ̀ ni?

Ìwọ náà gbọ́ ohun tí Laney sọ lọ́jọ́ tá a sin Duane. Ìwọ lo dì í lọ́wọ́ mú. Nínú òtútù yẹn ló ti dúró síwájú pósí bàbá ẹ̀, ó ní òun máa di dókítà, òun á sì padà sí ìlú yìí, kí ẹnikẹ́ni má tún kú sínú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn tó jìnnà. Ṣé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu? Ọmọ kékeré ni nígbà yẹn. Àmọ́ látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń dìde lórí ibùsùn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ta màlúù Duane, tí mo fi ilẹ̀ àgbàdo wa sílẹ̀ fún ìdílé Novotny kí wọ́n máa dá a, témi fúnra mi wá ń se oúnjẹ fọ́mọ ọlọ́mọ nílé ìwé. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń pè é ní Dókítà Laney. Àlùfáà pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó wá wálé láti yunifásítì ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Mo mọ̀ pé ọdún kejì yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú ohun tí wọ́n fẹ́ kà jáde gan-an, èyí tí wọ́n máa kọ sára ìwé ẹ̀rí wọn, torí ọmọ Novotny náà wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ sì ti sọ fún mi. Mo bi í nídìí tòlótòló ọdún náà pé ṣé báyọ́lọ́jì ló mú ni, àbí kẹ́mísírì. Ó ní Sípáníṣì ni. Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló ń sọ. Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní Sípáníṣì? Ó ní èdè, Mọ́mì, èdè Sípáníṣì, àti ìwé tí wọ́n fi kọ, àti ìtàn àwọn tó ń sọ ọ́. Ó ní òun á ṣe báyọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì àti físíìsì tí ilé ìwé dókítà ní dandan ni, òun á sì ṣe ìdánwò wọn, àmọ́ èdè lòun máa gbájú mọ́, àti pé ilé ìwé dókítà ò ní torí ìyẹn kọ òun. Ìwọ ń gé páì elégédé lọ́wọ́. O ò gbójú sókè. Mo rí ẹ. Tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ó máa ń gbójú sókè.

Mi ò jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ sọ ọ́ tí mo bá jà. Mo kàn ń rò ó nínú ara mi ni. Mo ní báyìí ni èèyàn ṣe ń kúrò nínú ìlérí, kì í sáré jáde, ẹsẹ̀ kan ló ń kọ́kọ́ gbé. Lónìí, èdè. Lọ́dún tó ń bọ̀, á ní kẹ́mísírì ti le jù. Lọ́dún kẹta, á ní òun fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ìlú Mẹ́síkò, ìyẹn náà á sì dáa lójú gbogbo èèyàn, èmi nìkan ni màá dúró síbi sàréè Duane, mi ò ní mọ ohun tí màá sọ fún un.

Mo kọ́kọ́ fura sí ọkùnrin. Ta ni ò ní fura sí ọkùnrin? Mo fọgbọ́n bi ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá, ìyẹn ní kò sọ́kùnrin kankan, ó ní inú ìwé ni Laney máa ń kú sí. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ mo fi í sílẹ̀. Mo wá ronú kan Dókítà Pavlik. Ó ti darúgbó, ó ń wá ẹni tó máa gba kílíníìkì lọ́wọ́ ẹ̀, ìdajì àwọn tó sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ báyìí ló jẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àwọn tí ò gbọ́ èdè wa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì ni Laney ti ṣiṣẹ́ nígbà ooru, tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ níwájú. Mo ní àṣé bàbá yìí ló rán an. Ó fẹ́ fi ọmọ mi ṣe ògbufọ̀ ara ẹ̀.

Mo wọ ọ́fíìsì lọ bá a. Mo ní, Dókítà, kí lẹ sọ fún ọmọ mi? Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní òun ò rán Laney níṣẹ́ kankan. Ó wá sọ pé, “Rozanne, bi í nípa obìnrin yẹn.” Mo ní obìnrin wo? Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn ni, òun ò lè sọ ọ́ síta, ó ní òun rò pé mo ti mọ̀.

Ó rò pé mo ti mọ̀! Joleen, kí lo máa ń ṣe tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé wọ́n rò pé o ti mọ̀ nípa ọmọ ẹ? Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ̀. Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo ń ro obìnrin yẹn. Ta ni? Kí ló ṣe fún un? Ṣé ó fi nǹkan lọ̀ ọ́ ni? Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lánàá, mo gbé ajá wá fún ẹ kó o bá mi mú un dání, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ẹ, ìwọ nìkan ṣoṣo, mo ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì kọrí sí yunifásítì.

Obìnrin tó ń gba àwọn tó fẹ́ di dókítà nímọ̀ràn níbẹ̀, Ìyáàfin Prentiss ni wọ́n ń pè é. Ó gbà mí dáadáa o. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kára fu mí. Mo ní mo fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fọ́mọ mi, ó ní òfin ò gba òun láyè láti bá mi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ó ti dàgbà. Ọmọ tí mo bí. Mo ní ó dáa, ká má sọ ti ọmọ mi, ká sọ ti ọmọ ẹlòmíì. Ọmọ ẹlòmíì tó ń ka Sípáníṣì, ṣé wọ́n lè gbà á sílé ìwé dókítà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n máa ń gbà wọ́n dáadáa, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ṣe sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó yege, àti irú èèyàn tó jẹ́. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn tó ka báyọ́lọ́jì fi pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ? Ó ní torí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ni. Ó ní èèyàn máa ń ṣe dáadáa nínú ohun tó bá wù ú, kí n fara balẹ̀.

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Sípáníṣì náà fúnra mi. Gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, yàrá tó ṣófo níbẹ̀ ju èyí téèyàn wà nínú ẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n. Ẹ ò rí ọmọ kọ́ mọ́, ẹ wá ń dẹ ọmọ mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Laney fi yọ. Kò yà á lẹ́nu, Joleen. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ìyẹn. Ó rí ìyá ẹ̀ níbi tí ìyá ẹ̀ ò dé rí, kò bi mí pé kí lẹ wá ṣe. Ọ̀dọ̀ mi gan-an ló ń bọ̀ tààrà, ó ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnì kan ti sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Mo ní ta ni obìnrin náà?

Ó wá sọ ọ́. Ó ní obìnrin kan láti ibi ìpamàlúù ni, Ofelia lorúkọ ẹ̀, ó wá sí kílíníìkì nígbà ooru, ó di inú mú. Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì nìkan ló wà. Obìnrin náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ń tún un sọ, ọ̀rọ̀ náà sì dún bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiwa fún ẹni tí ojú ń tì, nọ́ọ̀sì bá rò pé ojú ló ń tì í láti bọ́ṣọ, ó fún un lóògùn inú rírun, ó ní kó máa lọ. Laney ní òun ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí nígbà tóun wà nílé ìwé níbí. Ó ní òun ń rí i bí èèyàn ṣe ń rí ojú tó mọ̀ tí ò lè rántí orúkọ ẹ̀, kò sì dá òun lójú, òun bá dákẹ́. Nígbà tó délé ló tó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ń sọ pé òun lóyún ni. Ó sáré pe kílíníìkì, àmọ́ oyún yẹn ti dúró síta ilé ọmọ, ó sì ti bẹ́ sí i nínú kí wọ́n tó rí i. Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé e lọ sí Omaha. Ó yè, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó kú.

Mo ní kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti ń pè mí ní dókítà. Báwo ni màá ṣe wá sọ fún yín pé mo dákẹ́?” Ó ní Àǹtí Joleen lòun sọ fún, látìgbà ooru, àti pé Àǹtí Joleen ń bẹ òun kóun sọ fún mi.

Látìgbà ooru, Joleen. A jọ ká tòmátò, a jọ rọ ọ́ sínú ìgò, a jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àṣírí ọmọ mi wà lẹ́nu ẹ, o sì ń bá wa kọrin.

Mo ní fún Laney pé ó dáa, mo gbọ́, ó dùn mí fún obìnrin yẹn, àmọ́ kó ka báyọ́lọ́jì kó sì gba olùkọ́ Sípáníṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Dádì ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ rántí. Ó ń sọ̀rọ̀ títí a fi dé ojú títì ńlá, ahọ́n ẹ̀ ti wúwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Mi ò fẹ́ tún jókòó síwájú ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Joleen, ṣé o mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo ní bàbá ẹ ò sọ Sípáníṣì.

Ó wò mí. Ó ní kí n fara balẹ̀ wakọ̀, ojú ọ̀nà ń yọ̀. Ó sì kọjá lọ. Látàná ni mo ti ń pè é, kò gbé e.

Nítorí náà má ṣàlàyé fún mi. Mi ò bi ẹ́ pé kí ló dé tó o fi pa á mọ́, mo mọ̀ pé o máa ní ìdáhùn tó dáa. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó o mú fóònù ẹ, kó o pè é níṣojú mi, torí ó máa gbé tìẹ. Pè é. Má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Kí ló ní? Má sọ pé mo wà níbí. Gbé e wá.

Laney. Èmi ni. Má pa fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà nílé Àǹtí ẹ, a ò jà, bi í. Mi ò tíì gbà o, jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn, ilé ìwé dókítà fúnra wọn ni màá pè lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò gba ti Prentiss yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi ná. Ọ̀rọ̀ yẹn tí obìnrin náà ń sọ. Rárá, má túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni kó o sọ ọ́.

Tún un sọ.

Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi pè é.