Bátìrì Tí Mo Fi Àtàǹpàkò Bò

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yín ka ìwé yìí sókè ní ìpàdé, kó má sì fo ọ̀rọ̀ kankan. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò lágbára mọ́, n ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ńṣe ni òtítọ́ tèmi ń tiro, ọdún mẹ́sàn-án ló fi rìn.

Gbogbo yín mọ bàbá tí à ń pè ní Ó-Ṣì-Lè-Jí, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá gbé òkú fóònù wá bá a. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù gbà mí, òun ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó há mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò sọ.

Wọ́n ní kí n ṣètò fóònù kó lè máa dá bátìrì tí àwa fúnra wa fi sí i mọ̀. Bí ẹlòmíì bá pààrọ̀ rẹ̀, kó kọ ọ́ sójú dígí pé, "Bátìrì yìí léwu." Mo bi ọ̀gá ibẹ̀ pé, "Tó bá jẹ́ bátìrì tiwa náà ló yọ lára fóònù míì ńkọ́?" Ó ní, "Màdáàmù, bí gbogbo èèyàn bá ń tún fóònù wọn ṣe, ta ló máa ra tuntun?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Kódà, àwọn ògbólógbòó fóònù tí à ń gbà padà pé a fẹ́ sọ wọ́n dọ̀tun, ńṣe là ń lọ̀ wọ́n lúúlúú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan yọ lára wọn.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn oníbàárà fi ń pe bàbá ní oníjìbìtì. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó gbé fóònù olùkọ́ kan lé tábìlì. Ó ní, "Ọmọ mi, bátìrì yín gan-an ni mo fi sí i. Ara èyí tí dígí rẹ̀ fọ́ ni mo ti yọ ọ́. Kí ló dé tó ń pariwo olè lé mi lórí?" Mo mọ ìdí. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, mo máa bá yín wò ó." N ò wò ó.

Olùkọ́ náà fẹjọ́ sùn. Ilé iṣẹ́ wa ní kí n wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn atúnṣe níwèé àṣẹ, torí wọ́n mọ̀ pé èmi ni ìgbìmọ̀ máa gbà gbọ́. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà lójú gbogbo wọn. Àmì ilé iṣẹ́ wa hàn kedere lára bátìrì. Mo fi àtàǹpàkò bò ó. Mo ní, "Ayédèrú ni. Bàbá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, ó dùn mí láti sọ ọ́."

Bàbá ń wo àtàǹpàkò mi. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kàn ní, "Bí ọmọ mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò mọ́." Wọ́n gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Èmi ní tèmi, wọ́n fún mi ní ìgbéga.

Ẹni tó sọ mí dèèyàn ni mo bu ẹrẹ̀ sí láṣọ àlà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, bí ẹni tó ń gbà yín síṣẹ́ bá ní kí ẹ bá òun bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Bàbá ṣì wà láàyè, ẹ sì mọ ilé rẹ̀. N ò ní kó dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé yìí lọ bá ìgbìmọ̀, kí wọ́n dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà, kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Tó bá ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tí oníbàárà ti pé, ẹ wá pè mí kí n wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá gbé mi mọ́, ẹ gbé mi wá.