Àmáànà Tí Mo Fi Há Sénábù Mọ́ Parakou

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Lọ́la ni àwọn òyìnbó tún ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Aṣọ ni mò ń tà ní Zongo, ní Parakou níbí. Mo ti lọ sí Mẹ́kà, àwọn èèyàn sì fọkàn tán mi. Àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní ọkọ mi kékeré, ló ni ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ́ kajú. Ilẹ̀ Niger ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti wá. Epo èèpo kajú a máa bó wọn lọ́wọ́.

Ó ní kí n bá wọn tọ́jú káàdì ìdánimọ̀ wọn, kó má baà sọnù. Nílé tiwa, tí àlejò bá dé, àgbà obìnrin ló ń bá a tọ́jú ohun tó ṣe iyebíye. Àmáànà ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi kó o fún mi. Nígbà tó yá ni ọkọ mi kékeré wá sọ fún mi pé, "Alájà, ẹ má dá a padà o. Tí wọ́n bá rí káàdì gbà, wọ́n á sá lọ nígbà tíṣẹ́ bá pọ̀." Mo gbà. Òun ló ń ra àgbò Iléyá fún mi.

Àwọn òyìnbó tó ń ra kajú náà wá ní òfin tuntun: ọjà tí wọ́n bá fi tipátipá mú àlejò ṣe ò gbọdọ̀ wọ ìlú wọn. Wọ́n wá wo ilé iṣẹ́ náà; ọkọ mi kékeré sì ti ní kí n wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi àwọn obìnrin náà pé ta ló gba káàdì yín? Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó gbà á. Màmá ló ń bá wa tọ́jú ẹ." Wọ́n nàka sí mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú àwọn òyìnbó dùn, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sénábù, ọ̀kan nínú wọn, wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń fi èdè Dendi bẹ̀ mí. Ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, láìsí káàdì, àwọn aṣọ́bodè ò sì ní jẹ́ kó kọjá sí Niger. Inú àpótí tí mo jókòó lé ni káàdì náà wà. Mo ní kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó padà sọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbá a síwá sẹ́yìn títí ọmọ náà fi kú. Àsitagifirúláì! Ọmọ ọlọ́mọ!

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lù ú, mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn. Kí wá ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe tó ju ohun tí mo ṣe lọ?

Lánàá, mo mú káàdì náà lọ bá a nílé tó ń gbé ní Ladjifarani. Ó fi ìró nu ọwọ́, ó gbà á, ó wo fọ́tò ara rẹ̀ títí. Ó tún nà án padà sí mi.

"Màmá, ibo ni mo tún fẹ́ lọ? Ẹ ṣì máa bá mi tọ́jú ẹ."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Màá pín ti àwọn yòókù fún wọn láàárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ mi kékeré bínú tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́ pé kí n wá jókòó sáyè mi. Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè ti ilé iṣẹ́ náà pa, àwọn obìnrin yìí á sì pàdánù iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin abiyamọ, tí òyìnbó bá tún béèrè, tí Sénábù sì tún nàka sí mi pé Màmá ló ń bá òun tọ́jú ẹ, kí ni kí n sọ?