Kámẹ́rà Tó Kàn Ń Dún Lásán

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Àkọ́bí, jọ̀wọ́ má tíì dìde, mo mọ ohun tó fẹ́ lé ọ jáde. O ti rí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ojú rẹ sì ti yí padà. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹ fi ń yẹra fún ọkùnrin yìí lójú títì, tí ẹ gbà pé òun ló ba gbogbo fọ́tò tí ẹ̀yin àti ìyá yín jọ yà jẹ́, èmi náà sì wà láàárín yín, mo ń mi orí sí i. Lónìí ni màá tú u síta. Dókítà sọ pé ọkàn mi ń lọ bí aago tí ẹnikẹ́ni kò yí mọ́, èmi tí mo sì ti fi ogójì ọdún tún aago ṣe mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń lé mi sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ṣe lójú mi nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Sátidé tó kọjá ni. Màá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má baà dọ́gbọ́n fo èyí tó burú jù níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi ní kámẹ́rà yẹn nígbà tó fẹ̀yìn tì. Inú ìyá yín dùn ṣìnkìn. Ẹ rántí pé olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni, kò sì sí ohun tí kì í sọ di ẹ̀kọ́. Ó ní láti oṣù yẹn lọ, gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù la ó máa kó ara wa jáde, kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko. Àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà, o sì ti ń pàṣẹ fún gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n kékeré jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ la máa ń pè é torí pé àga kò rí ìdí rẹ̀ rí. Àbíkẹ́yìn, ọdún méjì péré ni tìrẹ, ẹ̀yìn ìyá rẹ sì nilé rẹ.

Adágún omi tó wà nínú ọgbà la kọ́kọ́ lọ. A wọ ọkọ̀ kékeré, mo ya fọ́tò mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ yà tí mo fi dìde dúró bí ọ̀gágun. Ìyá yín ní, "Bàbá wọn, ẹ jókòó," mi ò gbọ́. Ọkọ̀ mì, kámẹ́rà já bọ́ sómi. Omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ, mo bẹ́ sínú rẹ̀ tòun ti bàtà, mo sì fà á jáde, gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín títí Àbíkẹ́yìn fi ń ṣe òsúkè. Ìyá yín béèrè bóyá ó ti bàjẹ́. Mo ní ṣé irú nǹkan báyìí ló máa ṣòro fún èmi. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Aago-Kì-í-Kú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí aago tí wọ́n gbé wá tí wọ́n gbé padà ní òkú. Orúkọ yẹn ti gùn mí.

Mo tú kámẹ́rà náà palẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń wo àwọn nǹkan wínníwínní tí mi ò rí irú wọn rí, bí mo ṣe ń da ọ̀kan padà ni méjì ń ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ìgbà tó sú mi, mo di í sínú aṣọ, mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó jókòó yìí. Òun ló ń fọ fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ibùdókọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Bàbá Òkùnkùn, torí pé nínú yàrá tí kò ní ìmọ́lẹ̀ ló máa ń wà, bó bá sì jáde wá, yóò máa ṣẹ́jú pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó tú aṣọ náà, ó wò ó, ó ní, "Omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwọ ọ̀rẹ́ mi sì bá a parí ẹ̀." Ó ní kí n lọ sọ fún ìyàwó mi, pé ẹ̀rín lásán ni yóò rín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kì í ṣe olófòófó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo yọ sípíríǹgì kan lára aago ìtanijí kan tó ti gbó, mo so ó mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì kámẹ́rà náà, kí ó lè máa dún kẹ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, irọ́ ni mo sì fi ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo máa ń rí. Bí a bá ti dé inú ọgbà, ariwo ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ á ti wà lórí jáńgílófà, orí ní ilẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Àkọ́bí á máa ka ẹyin sísè kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ méjì. Ìwọ Àbíkẹ́yìn á ti di búrẹ́dì mọ́wọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á sì tẹ̀ lé ọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí, gbogbo rẹ̀ á dá wáí. Ìjà á parí. Ìyá yín á fa aṣọ rẹ̀ gún, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká Àkọ́bí, á gbójú sókè wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ara mi á bù máṣọ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ibi mímọ́ láìbọ́ bàtà. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló dúró síwájú mi, tí wọn kò mira, tí wọ́n ń wò mí pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Ẹ máa ń kùn pé ó ti pọ̀, mo sì ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò tíì tó. Ta ló ń wá ìmọ́lẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ó tán ni. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ bọ́tìnnì, kẹ́, ayé á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá yín ra ìwé fọ́tò kan tó ní èèpo àwọ̀ ewé. Mo sọ fún un pé mo ń kó àwọn fíìmù jọ sọ́dọ̀ Bàbá Òkùnkùn, pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo la ó fọ gbogbo rẹ̀ kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu. Kò jà. Àràárọ̀ Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé ìjáde wa, yóò jókòó, yóò fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àyè tí fọ́tò máa wà, bí ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn de àlejò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọdún méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a pa oṣù mélòó kan jẹ.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ẹ rántí bó ṣe yá tó. Lórí ibùsùn ọsibítù, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè rí èyí tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Kò burú. Mo ṣì ń rí i." Kò rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo kàn ń fọwọ́ tẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Kò tíì pé oṣù kan tí a sin ín tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Fọ́tò ìgbéyàwó wa nìkan ló wà nílé, kí wọ́n tó bí yín nìyẹn. Àkọ́bí ló ṣe agbẹnusọ. Ó ní ẹ ti ṣetán láti wo àwọn fọ́tò náà báyìí, ẹ ti jọ fẹnu kò pé ẹ kò ní sunkún. Kí n má parọ́ lórí irọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ṣòro láti sọ. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Mo ní Bàbá Òkùnkùn ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ níbi tó ti ń fọ̀ wọ́n, ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo rẹ̀ sì ti jóná pátá.

Mi ò mọ̀ pé ẹ máa lọ bá a. Ìgbà tí mo wá yín tì nílé, mo sáré gba ọ̀nà ibùdókọ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, mo sì ń gbọ́ ohùn Àkọ́bí láti ìta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ń sọ pé, "Màmá wa kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin ni ẹ tún pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì." Mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo ní lọ́kàn mi pé yóò sọ òtítọ́ báyìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rọra ń sọ pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ọmọ mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí kò yẹ kí n ṣí i." Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kò ṣí tèmi. Ọwọ́ mi wà lórí irin ilẹ̀kùn yẹn, ó tutù, mo sì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà dún. Mo ti ro gbogbo ohun tí mo ṣe láyé yìí síwá sẹ́yìn, mi ò rí èyí tó burú tó ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bi í léèrè ìdí tó fi gbà á. Ó ń gbálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ò yẹ kó tún máa bínú sí bàbá rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi ná. Bó bá yá, wàá sọ fún wọn." Bó bá yá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ kó máa retí ọjọ́ tó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ilé ìwé, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yòókù, ta ló tún máa gbé fíìmù ìgbéyàwó rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣílẹ̀kùn? Kí ọdún tó yí po, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ó sì lọ ń ṣọ́ géètì ilé ìwé kan. Nígbà tí Àkọ́bí ń ṣe ìgbéyàwó, ó fi àwo mẹ́fà ránṣẹ́. Àkọ́bí ní kí n dá a padà láìtú u, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ. Ó gbà á, ó ní kí n kí ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Sátidé tó kọjá. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sínú ọgbà, ẹ sì mú mi dání. Àbíkẹ́yìn sọ pé yàtọ̀ sí ti fọ́tò ìgbéyàwó, òun kò rántí ojú ìyá òun mọ́, pé kí ẹ bá òun sọ bó ṣe rí. Dípò kí ẹ sọ ọ́, ẹ dìde. Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í to yín. Ó ní, "Ti pẹ́pẹ́yẹ nìyí," ó fa ìwọ Àbíkẹ́yìn sápá òsì. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí omi. Àkọ́bí ní, "Ti òjò nìyí, aṣọ tábìlì la fi borí, bàtà màmá kan ti já." Ó ní, "Ti ọkọ̀ ojú irin kékeré nìyí, orí ẹsẹ̀ wọn lo jókòó sí, wọ́n fi àgbọ̀n lé ọ lórí." Mẹ́tàdínlógún lẹ tò, ọ̀kan kò yẹ̀, nínú gbogbo rẹ̀ pátá ẹ sì fi àyè kan sílẹ̀, tó gba èèyàn kan gẹ́lẹ́. Àkọ́bí ní kí n gbé ọwọ́ sójú bí ìgbà yẹn. Mo gbé ọwọ́ òfìfo sókè, mo wò yín láàárín ìka mi. Orí mi wú. Mo rí i pé ọwọ́ tó wà lórí èjìká Àkọ́bí kò tíì kúrò níbẹ̀ rí. Ohun tí mo rò pé mo jí kó lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ti fi ìdúró yín yà á, fún gbogbo ìgbà tí mo fi ń dá yín dúró láìnídìí. Ẹ rò pé oòrùn ló mú kí n jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fa ìwé fọ́tò náà jáde lábẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ìyẹn náà pa mọ́, torí pé àyè òfìfo inú rẹ̀ á ti tú mi fó. Mi ò ṣí i láti ọjọ́ tí ìyá yín kú. Òun nìyí lórí tábìlì. Mẹ́tàdínlógún ni, bí ẹ ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé ara wọn. "Ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ mọ Àbíkẹ́yìn." "Ọjọ́ tí bàtà mi já, tí kò dùn mí." Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, tó tẹ̀ lé mẹ́tàdínlógún náà, ni mi ò rí rí. Ó kọ sábẹ́ àyè tibẹ̀ pé, "Ọjọ́ tí bàbá wọn sọ fún wa pé nọ́ńbà orí kámẹ́rà tó ń ka iye fọ́tò kò kúrò lórí mẹ́rin láti ọjọ́ adágún. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín." Ó mọ̀. Ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fa aṣọ rẹ̀ gún, ó ń gbójú sókè wò mí. Ó fi àyè sílẹ̀ fún mi, de ọjọ́ tí màá jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí orúnkún mi fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ bẹ ọkùnrin yìí kí ẹ tó ro tèmi rárá. Kò jẹ yín ní àlàyé kankan, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní orúkọ rẹ̀, èmi ni mo jí i. Mi ò ní kí ẹ rẹ́rìn-ín bí ìyá yín ṣe kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹkún lẹ ní, ẹ sun ún. Ó ti gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá, fíìmù wà nínú rẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kámẹ́rà náà yóò máa ka ìṣẹ́jú àáyá fúnra rẹ̀ kó tó yà, kí òun náà lè sáré wọlé.

Àkọ́bí, o ti dìde. Mo rò pé ẹnu ọ̀nà lo ń lọ. O ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú pẹ́pẹ́ bíi ti ìgbà yẹn. Ó dáa. Má yára. Mo ti rí i, o ti ń fa àga, o ti ń to àwọn àbúrò rẹ, o fi Bàbá Òkùnkùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, o sì ti fi àyè ìyá rẹ sílẹ̀. Ọmọ mi, èmi kò dúró níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú yín rí. Bí o bá ní kí n wà lẹ́yìn, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, jọ̀wọ́, fi ibi tí mo máa dúró sí hàn mí.